Ìgò Ike Tí À Ń Jù Nù Lè Di Ògiri

Nínú àwa tí a ń gba ẹ̀yáwó láti kọ́lé, ọ̀pọ̀ ni owó ń tán mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ilé kò tíì kọjá ojú fèrèsé. Sìmẹ́ǹtì ló ń jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀, ìgò ike kún gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù wa fọ́fọ́.

Ní ọdún 2011, ní abúlé Sabon Yelwa ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, irú ìgò yẹn ni wọ́n fi mọ ògiri ilé. Ọgbọ́n náà ti ọwọ́ ará Jámánì kan wá, Andreas Froese, tó ti kọ́kọ́ fi í kọ́lé ní Honduras.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Wọ́n á rọ iyanrìn gbígbẹ sínú ìgò, wọ́n á fi igi kì í títí yóò fi le, wọ́n á sì dé e pa. Wọ́n á tẹ́ ẹ bíi bíríkì, pẹ̀lú amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láàárín, wọ́n á wá fi okùn so ọrùn wọn mọ́ra. Iyanrìn kíkì yẹn gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe ọ̀lẹ, ìgò rẹ̀ á tẹ̀. Ìpìlẹ̀ ṣì ń fẹ́ òkúta àti sìmẹ́ǹtì o. Ẹni tó bá ní kò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ó ń tàn yín ni. Ẹ sì gbọ́dọ̀ rẹ́ ẹ dáadáa, torí oòrùn ń ba ike jẹ́, iná sì ń jó o.

Ẹnìkan á ní àṣà òyìnbó nìyí. Ilé-Ifẹ̀ ńkọ́? Àpáàdì, àfọ́kù ìkòkò lásán, ni wọ́n tò ní ìdúró tí wọ́n fi tẹ́ àgbàlá àti ojú ọ̀nà níbẹ̀, ó ti lé ní 500 ọdún, a ṣì ń rí i nínú ilẹ̀ títí dòní. Ìtàn ní Lúwòó, Ọọ̀ni obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀, torí kò fẹ́ tẹ ẹrẹ̀.

Tiwa ni pé ká má fi ilé gbígbé bẹ̀rẹ̀. Ògiri ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ ẹgbẹ́ tí òjò wó ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ká fi ìyẹn dán an wò. Kí oníkálukú mú 20 ìgò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọrí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìgò ike ta epo àti kúnnú, ẹ má bínú, èyí tí kò ṣe é tà mọ́ là ń wí. Bíríkìlà kan nínú ẹgbẹ́ ti gbà láti fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé e wá.