Ẹ̀yin tó ti lé ní 30, òkè ni kẹ́ ẹ gbé lórí máàtì

Ọmọ ọdún 22 kan ló kí mi ní "ẹ káàsán, bọ̀ọ̀dá" lẹ́nu ọ̀nà jíìmù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà tó fi orúnkún tẹ egungun ìhà mi lórí máàtì. Abẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Mo ti wo fídíò lórí YouTube, mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì ká a mọ́, kí n wá yí bírí bíi ti àwọn ọmọ Brazil. Ìhà mi ló ró kà. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mi ò fi lè sín láìdi ògiri mú. Ìyàwó mi ní, "Dáddì, ṣé ẹ ò lè máa rìn yí àdúgbò ká bíi ti àwọn ẹgbẹ́ yín ni?"

Mo ti pé ọdún 38. Mi ò fi jiu-jitsu sílẹ̀ o, àmọ́ mo pa ọ̀nà dà. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò le: ẹni tó bá ti lé ní 30, tàbí tí ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, òkè ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ bó ṣe máa gbé, kì í ṣe abẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mitsuyo Maeda ló gbé ìjà yìí láti Japan dé Brazil lọ́dún 1914, Carlos Gracie sì kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ nílùú Belém. Nínú ìjàkadì tiwa, bí ẹ̀yìn bá ti kanlẹ̀, ó parí. Nínú jiu-jitsu, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ dáàbò bo ara rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní guard, kó sì fún ẹni tó wà lókè lọ́rùn. Nítorí pé Hélio Gracie, àbúrò Carlos, kì í ṣe sìgbọnlẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé abẹ́ ni ibùgbé aláìlágbára.

Èmi ò gbà. Ẹni tó wà lábẹ́ ń gbé ẹrù méjì: ara tirẹ̀ àti ara ẹnìkejì. Ó nílò ìbàdí tó rọ̀ àti ẹ̀yìn tó ń tẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja. Ta ló ní ìyẹn lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ? Ẹni tó wà lókè ní tirẹ̀, ilẹ̀ ló ń bá a fa ẹnìkejì mọ́lẹ̀, kò sì gba owó oṣù.

Kódà àwọn tó ṣòfin ìdíje mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin IBJJF, ẹni tó bá gbé èèyàn ṣubú gba àmì 2, ẹni tó bá ré ẹsẹ̀ kọjá gba 3, ẹni tó bá jókòó lé èèyàn láyà gba 4. Àjọ yìí kan náà ló ní láti ọdún 30 lọ, ẹ ti wọ ìsọ̀rí àwọn àgbà, Master 1. Torí náà, ẹ má rò pé bàbá arúgbó nìkan ni mò ń bá wí.

Báwo la ṣe ń gbé òkè? Àkọ́kọ́, ẹ má fo sọ́tùn-ún sósì bí èèrùn. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ itan rẹ̀ kan, ẹ gbé èkejì gba orí itan kejì, ẹ fi èjìká ti ikùn rẹ̀, kẹ́ ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po díẹ̀díẹ̀. Irú ọ̀nà yìí ni wọ́n mọ̀ mọ́ Bernardo Faria, tó gba ife àgbáyé láàárín gbogbo ìwọ̀n lọ́dún 2015.

Ìkejì, bẹ́ ẹ bá ti kọjá ẹsẹ̀, ẹ gbé orúnkún kúrò nílẹ̀, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí àyà yín lè gbé gbogbo ìwúwo. Ẹ fi èjìká ti àgbọ̀n rẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè kọ ibòmíì. Ibi tí orí bá kọjú sí ni ara ń tẹ̀ lé. Kò ní lè yíjú sí yín mọ́.

Ìkẹta, ẹ dúró. Ibí ni òfin tí mo kà ti wúlò fún mi. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní Nàìjíríà sọ pé bí nǹkan bá wà níkàáwọ́ èèyàn, ẹni tó bá ní kì í ṣe tirẹ̀ ni kó wá fi ẹ̀rí hàn. Bó ṣe rí lórí máàtì náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lábẹ́ máa ṣe wàhálà, kó máa mí helehele. Bó bá ta ọwọ́ síta, ẹ mú un. Lọ́dún 2017, Roger Gracie ti pé 35 nígbà tó fún Marcus "Buchecha" Almeida lọ́rùn látẹ̀yìn, tó sì fẹ̀yìn tì. Buchecha fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i.

Àwọn ọmọdé á ní, "Ẹ kàn ń sùn lé èèyàn lórí ni." Wọ́n jàre díẹ̀. Ẹni tó bá dúró láìṣe nǹkan kan, rẹfirí á fìyà jẹ ẹ́, ó sì tọ́. Bákan náà, ẹ má fi gbogbo ara tẹ ẹni tó fúyẹ́ jù yín lọ. Ìhà tiyín nìkan kọ́ ló ń dùn. Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde lábẹ́, torí ọjọ́ kan á jọ́kan tí wọ́n á tẹ̀ yín mọ́lẹ̀. Bó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lu máàtì kí wọ́n fi yín sílẹ̀. Ìtìjú ò mọ owó dókítà.

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀kọ́ ọmọ 22 kọ́ ẹni 40. Ọ̀pọ̀ àwọn tá a jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ, kì í ṣe pé wọ́n yọ̀lẹ, ara ló kọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọkùnrin yẹn tún pàdé. Ìṣẹ́jú márùn-ún la lò, bíi mẹ́rin nínú rẹ̀ ni mo fi wà lókè. Mi ò rí ọrùn rẹ̀ fún. Ó dìde, ó ń nu òógùn, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ jẹ lónìí?" Mo délé, mo sín lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò di ògiri mú.