Ihò Wúrà Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Ta Ni Yóò Dí I?

Bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Òkokomáíkò, iyanrìn àti amọ̀ ni yóò bá. Odò àti òkun ni ó kó ilẹ̀ etí-òkun náà jọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn àpáta àtijọ́ wà ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ́ àti ṣọ́bìrì kò lè dé. Nítorí èyí, nígbà tí olùkọ́ ní agbègbè yìí bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nípa wúrà, Gánà tàbí Gúúsù Áfíríkà ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ wúrà wà ní ilẹ̀ Yorùbá pàápàá, ní àyíká Iléṣà, omi tí ó sì ń ṣàn láti ibẹ̀ ń wá sí ọ̀sà ní ìhà Èkó. Nítorí náà, àwọn ihò tí a gbẹ́ síbẹ̀ tí a sì kọ̀ sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn Ìjẹ̀ṣà nìkan.

Báwo ni wúrà ṣe dé ibẹ̀? Àwọn àpáta tí ó wà lábẹ́ Iléṣà ti dàgbà ju ọdún mílíọ̀nù 500 lọ. Ní ayé ìgbà náà, omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ jíjìn gba inú àwọn ibi tí àpáta ti sán. Ó gbé wúrà lọ́wọ́, ó sì fi í sílẹ̀ nínú òkúta funfun líle tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúọ́tsì. Irú èyí ni ó wà ní Ìpẹrindó. Lẹ́yìn náà ni oòrùn àti òjò bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ àpáta náà wẹ́wẹ́, tí àgbàrá sì gbá èérún rẹ̀ lọ sínú odò. Wúrà wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mọ́kàndínlógún, nígbà tí iyanrìn kò tilẹ̀ wúwo jù ú ní ìlọ́po mẹ́ta. Níbi tí odò bá ti dẹ̀rọ̀, wúrà a rì, iyanrìn a sì máa bá omi lọ. Wúrà inú odò bẹ́ẹ̀ ni a mọ Ìtagúnmodì àti Ìgún mọ̀.

Ẹni tí ó ń wá irú wúrà yìí kò ní láti fọ́ àpáta. Yóò hú amọ̀ òkè kúrò títí yóò fi kan òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀, yóò bù ú sínú igbá, yóò sì máa fi omi yí i títí èyí tí ó fúyẹ́ yóò fi dànù. Ìrọ̀rùn ọ̀nà yìí gan-an ni ó mú kí ihò pọ̀. Ojú kan kì í pẹ́ tán. Awakùsà a fi í sílẹ̀, a sì bọ́ sí òmíràn.

Bí a bá sọ̀rọ̀ ibi ìwakùsà tí a kọ̀ sílẹ̀, aṣálẹ̀ ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ sí, kò sì yani lẹ́nu. Ní nǹkan bí ọdún 1150 ṣáájú ìbí Kristi, ní ayé ọba Ramesses Kẹrin, akọ̀wé kan ní Íjíbítì ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi òkè, ọ̀nà àti ibi ìwa-wúrà ní àfonífojì Hammamat hàn. Àwòrán náà wà ní Turin, ní orílẹ̀-èdè Ítálì, títí di òní. Nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Chicago lọ yẹ Bir Umm Fawakhir wò ní àwọn ọdún 1990, ní agbègbè kan náà, wọ́n bá ògiri ilé àwọn awakùsà tí ó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi. Òjò kò pọ̀ níbẹ̀ tí yóò wó ògiri, igi kò sì sí tí yóò bò ó. Aṣálẹ̀ ń pa ohun tí a kọ̀ sílẹ̀ mọ́. Igbó Ìjẹ̀ṣà ń gbé e mì. Láàárín ọdún mélòó kan, ewéko a bo ẹnu ihò, òjò a sì sọ ọ́ di adágún. Àjèjì tí ó bá ń kọjá lè rò pé bí Ọlọ́run ti dá ibẹ̀ nìyẹn.

Ìtàn ìkọ̀sílẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ọdún 1913 ni iṣẹ́ ìwa-wúrà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ ìjọba amúnisìn. Láàárín ọdún 1933 sí 1943 ni ó gbilẹ̀ jù. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀ ni a rí kó jáde ní sáà náà. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó dá a dúró. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya ní 1942, kùsà tíìnì tí ó wà ní Jos ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbájú mọ́, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ wúrà sì kó ẹrù wọn lọ. A rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, ó sì fa ojú ìjọba kúrò lára àwọn ohun àlùmọ́ọ́nì yòókù. Ní 1972 ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ìwakùsà sílẹ̀, àjọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí wá wúrà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n owó kò tó láti bá iṣẹ́ náà lọ jìnnà.

Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi mọ̀ pé wọ́n ti wa kùsà ní ibì kan rí? Òkìtì òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀ mọ́ jẹ́ àmì kan, nítorí odò kì í to òkúta bẹ́ẹ̀. Kòtò omi tí ó lọ tààrà jẹ́ àmì kejì. Adágún tí kò ní orísun ni ìkẹta. Ní Ìgún, adágún ńlá kan wà tí ó kù láti ìgbà iṣẹ́ wúrà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ti ṣe ìwádìí nípa omi rẹ̀ àti àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní amọ̀nà kò gbọdọ̀ dá wọ irú ibẹ̀. Ewé a máa bo ẹnu ihò, ẹ̀gbẹ́ ihò a máa ya lulẹ̀, atẹ́gùn inú ihò jíjìn sì lè pa ènìyàn.

Ewu kejì kì í tètè hàn sójú. Àwọn awakùsà kan a máa lo mákúrì, irin olómi tí ń so èérún wúrà pọ̀. Wọn a sì fi iná yọ ọ́ kúrò. Èéfín rẹ̀ ń ba ọpọlọ àti kíndìnrín jẹ́, èyí tí ó bá sì bọ́ sínú odò a wọ ara ẹja. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òkúta wúrà tí àwọn ènìyàn ń lọ̀ nínú ilé ní òjé nínú. Ju 400 ọmọdé lọ ni eruku rẹ̀ pa. Wúrà ti lọ sí ọjà; òjé ni ó kù sí àgbàlá.

Ní ọ̀rúndún yìí, bí owó wúrà ti ń ga sí i lágbàáyé, àwọn awakùsà tún padà sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àwọn kan pẹ̀lú ìwé àṣẹ, àwọn kan láìní in. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ Thor Explorations yọ́ wúrà àkọ́kọ́ láti ibi ìwakùsà Ṣẹ̀gilọlá. Ní ọdún 2022, nígbà tí odò Ọ̀ṣun ti pọ́n bí amọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005, wà létí odò yìí kan náà. Odò Ọ̀ṣun àti odò Ọ̀nì ń wọ ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà Lẹ́kí sì so mọ́ ọ̀sà Èkó.

Ta ni ó ni ihò náà nígbà náà? Abala 44 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀. Àgbẹ̀ ni ó ni kòkó orí ilẹ̀. Wúrà abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Òfin ìwakùsà ti 2007 pa á láṣẹ pé kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ tún ilẹ̀ ṣe, ó sì ṣètò àpò owó fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ayé amúnisìn ti lọ kí òfin yìí tó dé, ẹni tí ń wa kùsà láìgba àṣẹ kì í sì í dá kọ́bọ̀ sínú àpò náà. Ìjọba gba orúkọ onílẹ̀, awakùsà gba wúrà, àgbẹ̀ ni ihò kù sí lọ́wọ́.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀dọ́ tí kò ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Òótọ́ ni, kò sì burú kí ó wa kùsà pẹ̀lú àṣẹ àti ìmọ̀. Ṣùgbọ́n owó wúrà ń tán, ilẹ̀ oko tí ó ti di adágún kì í sì í padà di oko fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ìwakùsà kò parí ní ọjọ́ tí wúrà bá tán. Ọjọ́ tí a bá dí ihò ni ó parí. Iye owó tí a óò fi dí i gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí ọkọ́ àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí Ọ̀jọ́ rárá. Ní ọjà Alábà, inú àwọn ẹ̀rọ tí ó ti bàjẹ́ ni wúrà wà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí pátákó iná wọn, pẹ̀lú òjé. Ẹni tí ó bá ń dáná sun wọ́n láti kó irin inú wọn ń ṣe ohun tí awakùsà Ìtagúnmodì ń ṣe: ó ń mú èyí tí ó níye lórí, ó ń fi ìyókù sílẹ̀ fún ilẹ̀ àti omi. Olùkọ́ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó tó fi àwòrán ilẹ̀ tọ odò Ọ̀ṣun láti ọ̀sà padà sí òkè. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ibi tí omi ti ń bọ̀ ni yóò lè béèrè lọ́wọ́ awakùsà àti ìjọba pé: ihò yìí ńkọ́?