Mbárí Mbáyọ̀

Mbárí Mbáyọ̀ jẹ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà àti gbàgede eré orí ìtàgé tí Dúró Ládípọ̀, gbajúgbajà òṣèré àti olórin, dá sílẹ̀ ní ìlú Òṣogbo ní ọdún 1962. Ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́ jù lọ ni Ulli Beier, ọmọ bíbí ilẹ̀ Jámánì tí ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ìbàdàn. Ilé kékeré ni, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán tí ayé mọ̀ mọ́ orúkọ Òṣogbo ti kọ́kọ́ di ọ̀dà mú.

Orúkọ

Ní ọdún 1961, Beier pẹ̀lú àwọn òǹkọ̀wé bíi Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo àti J. P. Clark dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Ó jẹ́ ilé alámọ̀ tí àwọn ará agbègbè Owerri máa ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n sì máa ń fi ère kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀, wọn kì í tún un ṣe mọ́. Òjò àti oòrùn ni yóò wó o.

Nígbà tí orúkọ yìí dé Òṣogbo, etí àwọn ará ìlú kò gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ àjèjì. Gbólóhùn Yorùbá ni wọ́n gbọ́, ‘m bá rí i’, wọ́n sì fi ‘m bá yọ̀’ tì í lẹ́yìn: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. Kò sí èdè tí irú àyípadà báyìí kì í ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ti Òṣogbo kàn dùn jù ni, nítorí pé orúkọ tí wọ́n ṣi gbọ́ náà bá iṣẹ́ ilé náà mu gan-an.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọmọ oníwàásù ìjọ Áńgílíkà ni Ládípọ̀. Ní ọdún 1961, ó fi ìlù ìbílẹ̀ kọ orin Àjíǹde nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú sí i. Ó wá di dandan kí ó wá ibòmíràn tí orin rẹ̀ yóò ti ráyè. Ó ní ilé ọtí kan nígbà náà. Ibẹ̀ ni ó yí padà sí ibi àfihàn àti ibi eré. Eré rẹ̀ Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i. Ọba Kò So, eré Ṣàngó, tẹ̀ lé e ní ọdún 1963, ó sì dé Berlin ní ọdún 1964.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà

Kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Denis Williams, ará Guyana, ni ó kọ́kọ́ darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí Georgina Beier ṣe ní ọdún 1964 ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Inú ẹgbẹ́ òṣèré Ládípọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wá. Òṣèré ni Rufus Ògúndélé àti Jacob Afọlábí. Jímọ̀ Bùràímọ̀ ni ó ń bójú tó iná orí ìtàgé kí ó tó di ẹni tí ń to ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àwòrán. Oníjó ni Táíwò Ọláníyì, tí ó pe ara rẹ̀ ní Twins Seven-Seven nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ, ìbejì ìgbà méje ni ìyá rẹ̀ bí, òun nìkan ni ó sì yè. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO fi í jẹ oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà.

Asírù Ọlátúndé (1918–1993) dàgbà ju àwọn wọ̀nyí lọ, kò sì bá wọn jókòó kẹ́kọ̀ọ́. Alágbẹ̀dẹ ni. Nígbà tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ irin líle mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu bàbà pẹlẹbẹ fún ohun ọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà ó ń lu páànù alumíníọ́ọ̀mù títí tí igi, ẹranko, ọba àti ìtàn inú Bíbélì yóò fi yọ lára rẹ̀. Òòlù tí ó ti ń lò láti ilé baba rẹ̀ náà ni; ohun tí ó ń lù ni ó yí padà.

Àríyànjiyàn

Àwọn oníṣẹ́ ọnà àti onímọ̀ kan tí wọ́n gba ẹ̀kọ́ yunifásítì kò gba ti ilé yìí. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ni ó ń pinnu ohun tí ó dára, àti pé wọ́n fẹ́ràn kí àwọn ọ̀dọ́ náà wà láìkàwé kí iṣẹ́ wọn lè máa jọ ti ìbílẹ̀. Ẹ̀sùn náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ tì sẹ́yìn, nítorí àwọn àjèjì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán wọn. Ṣùgbọ́n ó fojú fo iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ náà ṣe lẹ́yìn náà. Mùráínà Oyèlámì, fún àpẹẹrẹ, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù dùndún ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì dá ibùdó ọnà sílẹ̀ ní Ìrágbìjí, ìlú rẹ̀, tí kò jìnnà sí Ìgbájọ.

Lẹ́yìn náà

Beier kúrò ní Nàìjíríà ní ọdún 1966. Ládípọ̀ kú ní ọdún 1978. Ní ọdún 1983, Níkẹ̀ẹ́ Davies, tí ó ti jẹ́ ìyàwó Twins Seven-Seven, dá ibùdó tirẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ni ní aṣọ àdìrẹ láìgba owó. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ó jáde láti Mbárí Mbáyọ̀ kò sí ní Òṣogbo mọ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà ní Iwalewa-Haus, tí Beier dá sílẹ̀ ní ìlú Bayreuth ní Jámánì ní ọdún 1981.