Ọmọ Ìkẹyìn Tó Ń Gborí Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n

Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní gbangba, a ní wọ́n fi í ṣe ọ̀bọ. Bí ìyá kan bá sì bí ìbejì, ẹdun, irú ọ̀bọ kan, la ó fi máa kì wọ́n. Dúdú ni ẹdun, ìrù rẹ̀ gùn, àtàǹpàkò rẹ̀ kò ju kókó lọ. Wọ́n ní méjì méjì ló ń bí. Irọ́ ni, ẹyọ kan ló sábà máa ń bí, ṣùgbọ́n irọ́ tó ti yọ ọ̀pọ̀ ẹdun nínú ìkòkò ọbẹ̀ ni, nítorí èèwọ̀ ìbejì àti òbí wọn ni ẹran rẹ̀. Wọ́n tún ń kìlọ̀ fún aboyún pé kó má fẹnu kan ẹran ọ̀bọ, kí ọmọ má baà gbé ojú rẹ̀ wáyé. Ní ti orí ọ̀bọ gbígbẹ tó ń bẹ lórí àtẹ lékuléja, eegun lásán lẹni tó rà á rà. Ohun tó gbé ọ̀bọ ró kò sí nínú orí ọ̀kan ṣoṣo. Inú agbo ló wà.

Àwọn tó gbà pé ẹni tó bá lágbára jù ló ń jọba lórí ọ̀bọ kò tíì gbọ́ ti Cayo Santiago, erékùṣù kékeré kan létí Puerto Rico. Ní 1938, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Clarence Carpenter kó ọ̀bọ rhesus bíi 400 láti Íńdíà wá síbẹ̀, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀. Àrọ́mọdọ́mọ wọn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń ṣọ́ títí dòní. Ipò ìyá ni ọmọbìnrin ń jogún níbẹ̀, àbíkẹ́yìn sì sábà máa ń gborí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, torí pé òun ni ìyá ń gbè lẹ́yìn bí ìjà bá dé. Èyí kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu: Táyé ló ń kọ́kọ́ wáyé, síbẹ̀ Kẹ́hìndé là ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Akọ ní tirẹ̀ a máa fi ilé ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ sí agbo mìíràn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ipò rẹ̀ ń ga tó. Ẹnì kan lè ní oúnjẹ tí ènìyàn ń gbé fún wọn ló kọ́ wọn nírú ìwà bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ lè fa ìjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀bọ baboon inú ọ̀dàn Amboseli ní Kẹ́ńyà ń wá oúnjẹ fúnra wọn, ọmọbìnrin wọn náà sì ń jogún ipò ìyá.

Nígbà tí ìjì Maria wó igi Cayo Santiago ní oṣù Kẹsàn-án 2017, ibòòji di ọ̀wọ́n. Bó bá jẹ́ agbára nìkan ni, àwọn ọ̀gá ì bá ti lé àwọn yòókù sínú oòrùn. Ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń gba ara wọn láyè, tí àwọn tí kì í sún mọ́ra tẹ́lẹ̀ jọ ń fún mọ́ra lábẹ́ ibòòji tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó sì rí ẹni púpọ̀ bá jókòó níbẹ̀ ni ikú kò tètè mú.