Àwọn Ère Òkúta Èsìẹ́

Ère òkúta tí ó lé ní 1,000 ni ó wà ní Èsìẹ́, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn. Inú igbó ni wọ́n wà kí a tó kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, tọkùnrin tobìnrin. Àwọn kan mú idà lọ́wọ́. Ìtàn ìlú sọ pé àlejò tí ó di òkúta ni wọ́n.

Òkúta yìí rọ̀, ọ̀bẹ lásán lè ha á, ọ̀pọ̀ orí sì ti kán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú wò wọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá rí àfọ́kù ère, kí ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà.

Ẹni tí àyè bá gbà lè lọ wo omi Òwu tí ń já láti orí àpáta ní Ọ̀wá-Kájọlà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Ìgbà òjò ni omi rẹ̀ pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ a máa yọ̀.