Ìpáàrà Ara Króòmù Alùpùpù àti Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Mú Un Kúrò

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ alùpùpù mu pátápátá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbàgbọ́ pé irin dídán tó wà lára háńdù, ríìmù, sàlẹ́ńsà àti ṣọ́kì iwájú ni ó ń dógùn-ún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun dídán náà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní króòmù, kì í dípẹtà. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń dípẹtà, tí ìpáàrà sì ń gba ojú ihò wẹ́wẹ́ yọ sí gbangba. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò máa fi agbára ha króòmù, yóò sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá tí ó fẹ́ lé jáde.

Ní ọdún 1797 ni Louis-Nicolas Vauquelin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ilẹ̀ Faransé, ṣàwárí króòmù. Ó di nǹkan bí ọdún 1920 sí 1929 kí àwọn ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bo irin lọ́pọ̀ yanturu. Wọn a ri irin náà sínú omi tí wọ́n ti yọ́ níkẹ́ẹ̀lì sí, wọn a sì fi iná mànàmáná gba inú omi náà kọjá kí níkẹ́ẹ̀lì lè lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn èyí ni wọn a fi króòmù bo níkẹ́ẹ̀lì ní irú ọ̀nà kan náà. Níkẹ́ẹ̀lì ni ó ń dènà omi. Króòmù ni ó ń dán, tí ó sì ń dáàbò bo níkẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n króòmù tí a fi ṣe ẹ̀ṣọ́ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Kì í sábà nípọn tó ìdá kan nínú ìdá 1,000 mílímítà kan. Irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlọ́po. Bí òkúta bá ta á, tàbí bí iyanrìn bá ha á, ihò ti dé nìyẹn. Bí omi bá sì ti wọ ihò náà, irin nìkan ni yóò jìyà. Níkẹ́ẹ̀lì àti króòmù yóò máa wò ó níran.

Ohun méjì ni ìpáàrà ń fẹ́ kí ó tó lè ṣiṣẹ́: omi àti afẹ́fẹ́. Bí iyọ̀ bá dara pọ̀ mọ́ wọn, iṣẹ́ náà a yá kánkán. Ìdí nìyí tí alùpùpù tí wọ́n ń gùn ní Òde-Omi àti ní àwọn ìletò mìíràn tó kọjú sí òkun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside fi ń tètè dípẹtà. Afẹ́fẹ́ òkun ni ó ń gbé iyọ̀ wá, tí ó ń bu ú lé irin lórí tọ̀sán tòru. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀tá tiwọn. Ilẹ̀ igbó tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa ni. Ní ìgbà òjò, ẹrọ̀fọ̀ pupa a máa lẹ̀ mọ́ ríìmù àti abẹ́ mọ́gáàdì, a sì máa fa omi mọ́ra síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Alùpùpù tí ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ láti àárọ̀ di alẹ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè gbẹ.

Bí a bá fẹ́ mú ìpáàrà náà kúrò, ọṣẹ àti omi ni a ó kọ́kọ́ fi fọ alùpùpù, nígbà tí sàlẹ́ńsà bá ti tutù. Bí iyanrìn bá ṣẹ́kù lára rẹ̀, iyanrìn náà ni yóò ha króòmù nígbà tí a bá ń nù ún. Lẹ́yìn èyí, kí a fi èékánná yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ojú króòmù bá ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lásán, ìpáàrà orí awọ ni. Bí króòmù bá ti ń bó bí èèpo, kò sí ìnùdánù tí ó lè dá a padà. Àfi kí wọ́n tún un bò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Fún ìpáàrà orí awọ, bébà fàdákà tí a fi ń we oúnjẹ, tàbí èyí tó wà nínú páálí sìgá, ti tó. Kí a rún un, kí a rì í bọ omi, kí a sì máa fi ra ojú ibẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Álúmíníọ̀mù ni bébà yìí, ó sì rọ̀ ju króòmù lọ púpọ̀. Nítorí náà, yóò gbá ìpáàrà kúrò láìha króòmù. Bí ó bá ṣì kù, kí a fi aṣọ tí a rì sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a sì fi omi púpọ̀ ṣàn án. A kò gbọdọ̀ da omi ọsàn pọ̀ mọ́ omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, nítorí èéfín olóró ni yóò jáde. Kí a nù ún gbẹ pátápátá, kí a sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á lójú kí omi má tún ráyè wọ ihò. Ọ́ìlì yìí kò gbọdọ̀ kan táyà tàbí bíréèkì. Létí òkun, ó yẹ kí a máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn kan a máa lo sáńdípépà, àwọn mìíràn a sì máa lo áásìdì inú bátìrì. Méjèèjì ń ba nǹkan jẹ́. Sáńdípépà ń gbẹ́ króòmù dànù. Áásìdì ń wọ inú ihò lọ jẹ irin, ó sì lè jó ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń lò ó.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹwà ni háńdù tó ń dán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí wà lọ́wọ́ ọ̀pá ṣọ́kì iwájú. Ọ̀pá yìí ń wọlé ó ń jáde láàárín rọ́bà tí ó ń dá ọ́ìlì dúró, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì síìlì. Bí ìpáàrà bá gbẹ́ kòtò sí ara ọ̀pá náà, kòtò náà yóò máa gé rọ́bà. Ọ́ìlì yóò jò, ó sì lè ṣàn dé bíréèkì, tí bíréèkì kò fi ní mú nígbà tí ọmọ bá já sójú títì. Bí èékánná bá ń kọ́ lára ọ̀pá ṣọ́kì, owó tí a fi ra rọ́bà tuntun ti ṣòfò; ọ̀pá náà gan-an ni kí a pààrọ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìpáàrà tí bébà fàdákà àti omi ìbá mú kúrò lónìí lè di ohun tí apá kò ní ká mọ́ lọ́la.