Epo ń kán lẹ́yìn katakata: kí ló gé síìlì?

Tí ẹ bá ń fi katakata kékeré gé koríko, tí ẹ wá rí i pé epo ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má tíì sáré lọ ra síìlì tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́. Tí ẹ ò bá rí i, ohun kan náà ló máa ba tuntun jẹ́.

Kí ni síìlì?

Lẹ́yìn katakata, ọ̀pá irin kan yọ jáde látinú àpótí gíá. Ṣáàfútì nìyẹn. Òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gé koríko, ó sì sábà máa ń yí nígbà 540 ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tó ti yọ jáde ni síìlì wà: òrùka irin tó ní ètè rọ́bà, àti sípíríǹgì tín-ín-rín tó ń fún ètè náà mọ́ ṣáàfútì. Kì í jẹ́ kí epo jáde, kì í sì í jẹ́ kí omi àti iyanrìn wọlé.

Tó bá bàjẹ́, ọ̀rọ̀ náà kọjá rọ́bà o. Tí epo bá dín kù jù, gíá àti bíárìn á máa jẹ ara wọn. Tí omi bá wọlé, epo á funfun bí omi ògì.

Kí ló ń bà á jẹ́?

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Okùn tí wọ́n fi di koríko gbígbẹ, wáyà, tàbí koríko gígùn máa ń wé mọ́ ṣáàfútì, á sì máa wọ ìdí síìlì díẹ̀díẹ̀ títí á fi gé ètè rẹ̀.

Ohun kejì ni ihò kékeré tí àpótí gíá fi ń mí. Tí ìdọ̀tí bá dí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná inú àpótí á máa ti epo gba ara síìlì jáde.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

1. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ fa bíréèkì, ẹ fi igi dí táyà. Bí ṣáàfútì ṣe ń wé koríko ló ṣe lè wé aṣọ èèyàn.
2. Ẹ gé gbogbo ohun tó wé mọ́ ọn, ẹ nu ibẹ̀ mọ́, kí ẹ wá tú epo sílẹ̀.
3. Ẹ yọ síìlì àtijọ́ jẹ́jẹ́, kí irin má ha ṣáàfútì. Nọ́ńbà ara rẹ̀ lẹ máa fi ra tuntun. Bí àpẹẹrẹ, 35 52 7: ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, fífẹ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀ jẹ́ 52, ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 7.
4. Ẹ fi èékánná fa ojú ṣáàfútì. Tó bá kọ́ èékánná, síìlì ti gbẹ́ kòtò síbẹ̀, tuntun nìkan ò ní dá epo dúró. Wọ́n ń ta awọ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó.
5. Ẹ fi gíríìsì pa ètè tuntun, ẹ fi téèpù bo eyín ṣáàfútì. Ojú tí sípíríǹgì wà ni kó kọjú sí epo. Ẹ gbá a wọlé lọ́gbọọgba, kó má dagun sápá kan.
6. Ẹ yọ téèpù, ẹ da epo tí ìwé katakata yín dárúkọ sí i, ẹ lò ó díẹ̀, kí ẹ pa á, kí ẹ tún wò ó.

Kó má tún ṣẹlẹ̀

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé koríko tán, tí ẹ́ńjìnnì sì ti kú, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ṣáàfútì. Ẹ máa nu ihò èémí. Tí ẹ bá ń fi omi alágbára fọ katakata, ẹ má dojú rẹ̀ kọ síìlì. Ọ̀bẹ kékeré àti ìṣẹ́jú méjì lè gba odindi àpótí gíá là.